Mo Fi Ìsinmi Ọmọ Mi Dẹ̀gbẹ́

Orúkọ mi ni Pontus. Bí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí tán, ẹ lọ tò sẹ́yìn. Gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ abúlé wa ló wà níwájú yín, ìyá tó bí mi lọ́mọ sì wà láàárín wọn.

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní àríwá Sweden, níbi tí igbó ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ìyàwó mi, Tove, ló ń wa ọkọ̀ ìkàwé, bọ́ọ̀sì gbọọrọ kan tí wọ́n fi ọ̀dà òféèfé kùn, tó ń gbé ìwé lọ sáwọn abúlé tí kò ní ilé ìkàwé. Ọmọ wa obìnrin ń jẹ́ Signe.

Nígbà tá a bí Signe, ọ̀rìnlénírinwó ọjọ́ ìsinmi ni ìjọba gbé lé wa lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń gbé e lé òbí gbogbo lọ́wọ́ níbí. Ìdajì tèmi, ìdajì ti Tove, owó sì ń wọlé lórí ẹ̀. Ẹni tó bá wù ú lè kọ lára tiẹ̀ fún ẹnì kejì. Àmọ́ àádọ́rùn-ún ọjọ́ wà níbẹ̀ tí bàbá ò lè kọ fún ẹnikẹ́ni. Bí kò bá lò ó, ó gbé nìyẹn.

Tove ló kọ́kọ́ jókòó ti ọmọ, oṣù mọ́kànlá gbáko. Oṣù Kẹjọ ló kàn mí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún Tove níṣẹ́ bọ́ọ̀sì náà ni, èèyàn méjì mìíràn sì ń wá a lójú méjèèjì. Bí kò bá gbà á kíákíá, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ì bá bọ́ sí.

Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì. "Pontus, ṣé ó dá ọ lójú? Oṣù Kẹsàn-án ló ń bọ̀ yẹn o."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án ni ìjọba ń ṣí igbó fún ọdẹ àgbọ̀nrín ńlá lọ́dọ̀ wa, àgbọ̀nrín tó ga ju ẹṣin lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, bí omi ẹ̀rọ yín bá bàjẹ́, ẹ máa fi korobá pọn omi ni, torí kò sí ẹni tó máa gbé fóònù.

Ọdẹ ni Tove fúnra ẹ̀, ó sì mọ ìbọn yìn jù mí lọ. Ibùba rẹ̀ wà létí adágún, ọwọ́ bàbá bàbá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ló wà láyà rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí igbó. Lọ́dún yìí, iṣẹ́ tuntun. Ọdún méjì léra léra ló ń gbọ́ ìró ìbọn látinú ilé.

"Èmi náà ò ní lọ," ni mo wí. "Bí ìwọ ò bá lọ, kí ni mo fẹ́ lọ wá nínú igbó?"

Ó dì mọ́ mi lọ́rùn. Ẹ wo bí ẹnu mi ṣe dùn.

Oṣù Kẹjọ dára fún wa, n ò ní purọ́. Mo ń po ògì, mo ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí, mo ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ kiri abúlé pẹ̀lú ìgbéraga. Àwọn ìyá àgbà ń kí mi bí ẹni tó ṣẹ́gun dé. Mo rò pé mo ti yege.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù náà ni mo pàdé Sture ní ṣọ́ọ̀bù. Sture ni bàbá Tove, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ ọdẹ wa.

"Mo gbọ́ pé Tove ò ní lọ," ló wí. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ọmọ ń bẹ nílé, Sture."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó mú páálí wàrà kan, ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. "Ibùba etí adágún máa ṣófo nìyẹn. Akọ ńlá kan sì ń bọ̀ wá mumi níbẹ̀ láràárọ̀. Mo ti rí ipa ẹsẹ̀ ẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò dẹ̀gbẹ́ rí, ọ̀rọ̀ yẹn ò lè yé yín. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń jókòó sí ibùba kan lẹ́yìn òkìtì òkúta, níbi tí ohun kan ṣoṣo tí mo rí pa jẹ́ ehoro. Itọ́ kún mi lẹ́nu. Kí n tó mọ̀, irọ́ ti jáde.

"Tove ní kí n lọ jókòó síbẹ̀ dípò òun."

Sture gbé wàrà sílẹ̀. "Tove ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni. Màámi á máa bá wa mú Signe. Àmọ́, Sture, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ọdẹ létí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún wọra. Ẹ bá mi sọ fáwọn tó kù náà."

Ojú bàbá náà rọ̀. "Ọmọ mi nìyẹn," ló wí. "Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Kò ní jẹ́ kó o mọ̀ pé ó ń dun òun."

Ó yẹ kí ojú tì mí níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ra ọta ìbọn lọ sílé.

Ó ku ìyá mi, Maj-Lis. Ilé rẹ̀ ò jìnnà sí ojú ọ̀nà igbó. Mo ṣàlàyé fún un pé kó bá mi mú Signe ní àárọ̀ títí di aago mẹ́rin, fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀.

"Ṣé Tove mọ̀ sí i?"

"Ó mọ̀, màámi."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ojú ẹ ò jọ ojú ẹni tí ìyàwó ẹ̀ mọ̀," ló wí. Àmọ́ ó gba ọmọ. Ìyá àgbà wo ló máa kọ ọmọ?

Báyìí ni mo di ọ̀gá oníwàyó. Tove ń jáde nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ní aago méje mo ti dé ilé màámi, níbi tí ìbọn àti aṣọ ọdẹ mi wà nínú gáréèjì. Ṣùgbọ́n Tove fẹ́ràn kí n máa fi fọ́tò ọmọ ránṣẹ́ sí i níbi iṣẹ́. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n mi: mo máa wọ búlúù fún Signe, mo ya fọ́tò. Mo bọ́ ọ, mo wọ pupa, mo gbé e sórí àga ìjẹun, mo ya fọ́tò. Mo fi fìlà sí i lórí, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo ya òmíràn. Bí mo bá ti jókòó sí ibùba, mo ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́: aago mẹ́wàá, aago méjìlá, aago méjì.

Màámi dúró, ó ń wò mí. "Ṣé ọmọ yìí fẹ́ lọ díje ẹwà ni?"

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Tove dá mi lóhùn lórí fóònù. "Oòrùn ń ràn lọ́dọ̀ yín? Inú òjò ni mo ti ń wakọ̀ láti àárọ̀."

Fọ́tò ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fi ránṣẹ́. Omi òjò ọ̀hún ń ṣàn wọ kọ́là aṣọ mi bí mo ṣe ń tẹ èsì. "Ó kàn yọjú díẹ̀ ni," ni mo kọ. "A sáré lọ yà á."

"Ẹ kú oríire," ló kọ padà.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ò tiẹ̀ tó nǹkan. Ohun tí n ò rò tẹ́lẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ alẹ́ wa.

"Mo pe bàbá mi lónìí," ni Tove wí ní ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. "Mo béèrè bí igbó ṣe rí. Ó ní ọ̀dùnkún òun ń jóná, ó gé fóònù."

"Bóyá ọ̀dùnkún ń jóná lóòótọ́."

"Pontus, aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo pè é."

Lọ́jọ́ kejì, ó pàdé Birger níbi tí wọ́n ti ń rọ epo. Ọdẹ ẹgbẹ́ wa ni Birger, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kì í dákẹ́ ẹnu, ó lè fi wákàtí kan ròyìn àgbọ̀nrín tí kò pa. Bó ṣe rí Tove, ó ní ojú ọjọ́ dára, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Kò tiẹ̀ rọ epo tó wá rọ.

"Wọ́n ti yọ mí," ni Tove wí. Ó ń yí ṣíbí nínú ọbẹ̀, kò jẹ ẹ́. "Torí mo bímọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí tí mo ti ń bá wọn jókòó nídìí iná. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ò lè sọ fún mi pé iye báyìí la pa."

Omi lé ròrò sójú ẹ̀. Èmi ni mo dìde, èmi ni mo dì í mú, èmi ni mo ń sọ pé, "Bóyá wọn ò fẹ́ kó dùn ọ́ ni." Àtàrí ẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n mi, mo sì ń gbóòórùn èéfín iná ọdẹ lára ọwọ́ ara mi, bí mo ṣe fọ ọ́ tó. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ro akọ àgbọ̀nrín etí adágún, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Mo rí i pa ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì. Ọta kan péré. Àwọn ọdẹ gbá mi lẹ́yìn, Sture fúnra ẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, gbogbo wa jókòó yí iná ká lẹ́bàá ọ̀nà igbó, a ń mu kọfí, a ń yan sọ́séèjì. Ẹ̀jẹ̀ dé mi ní ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì. Mo nu ìka kan mọ́ ṣòkòtò, mo fi fọ́tò aago méjìlá ránṣẹ́: Signe lórí àga, aṣọ pupa, ògì lẹ́nu. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Abọ́ kan ti tán. Àwa méjèèjì ń kí ẹ láti ilé ìdáná."

Ìgbà yẹn la gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì.

"Ta ló ń wa bọ́ọ̀sì bọ̀ nínú igbó?" ni Birger wí.

Kò sí bọ́ọ̀sì aláwọ̀ òféèfé méjì ní gbogbo agbègbè wa. Mo sún sẹ́yìn Birger.

Tove sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú páànù búrẹ́dì aládùn tó fúnra ẹ̀ yan. Kò rí mi. Bàbá ẹ̀ nìkan ló ń wò, ó sì hàn pé ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ sórí.

"Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ò retí mi. Àkókò oúnjẹ mi ni mo lò. Ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á mọ́. Kí ni mo ṣe fún yín? Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti wọ igbó, ẹ ò bá mi sọ gbólóhùn kan nípa ẹ̀."

Ẹnu ya Sture. "Ìwọ lo ní ká má sọ ọ́."

"Èmi? Ta ni mo sọ ọ́ fún?"

Kò sí ẹni tó dárúkọ mi. Wọ́n kàn yí orí sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan náà ni, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Tove wo ojú mi. Ó wo ọwọ́ mi. Ó wo àgbọ̀nrín tá a so rọ̀ sórí igi. Mo ń retí kó figbe ta. Ohun tó sọ ò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ.

"Ọmọ dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ màámi. Kò sóhun tó ṣe é, Tove, mo..."

Ó ti yọ fóònù. Ó kà á sókè, ó rọra ń kà á bí ẹni tó ń ka ìwé fáwọn ọmọdé. "'Abọ́ kan ti tán. Àwa méjèèjì ń kí ẹ láti ilé ìdáná.'" Ó gbójú sókè. "Ìṣẹ́jú mẹ́rin sẹ́yìn lo fi èyí ránṣẹ́."

Àwọn ọdẹ ń wo inú ife kọfí wọn bí ẹni pé nǹkan já bọ́ síbẹ̀.

"Ọmọ ọ̀hún mà ń jẹun dáadáa," ni Birger wí.

"Birger, pa ẹnu ẹ dé," ni Sture wí. Ó da kọfí ẹ̀ sínú iná. "Pontus, ibùba ta ni mo ní kó o jókòó sí?"

"Ti Tove."

"O ní òun ló yọ̀ǹda ẹ̀. O ní ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún wọra. Mo wá ń sá fún ọmọ bíbí inú mi." Ó nawọ́ sí Tove. "Mo purọ́ ọ̀dùnkún fún un nítorí tìẹ."

 Ọwọ́ pálábá mi ti ségi, èmi náà mọ̀.

Tove gbé páànù búrẹ́dì lé bàbá ẹ̀ lọ́wọ́. "Wọ bọ́ọ̀sì," ló sọ fún mi. "Má fọwọ́ kan ìwé kankan."

Mo jókòó sórí àga kékeré níbi ìwé àwọn ọmọdé, ọwọ́ mi méjèèjì nínú afẹ́fẹ́, orúnkún mi kan àgbọ̀n. Iṣẹ́ Tove ò sì dúró: ó pa bọ́ọ̀sì lábúlé kan lójú ọ̀nà, ìyá arúgbó kan wọlé wá pààrọ̀ ìwé. Ó wò mí, ó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára mi.

"Ṣé ẹni yìí náà ń yá ìwé ni?"

"Rárá o," ni Tove wí. "Ẹrù lásán ni mò ń gbé."

Nígbà tá a dé ilé màámi, Signe wà nílẹ̀ láàárín pálọ̀. Mo ti sáré fọ ọwọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tẹ́ apá sílẹ̀, torí mo fẹ́ kí Tove rí i pé ọmọ mi mọ̀ mí. Signe di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó dìde, ó jọ̀wọ́ ẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó tẹ̀ tẹ̀ tẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá mi, ó lọ ṣubú lé màámi lẹ́sẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ti ń rìn," ni mo wí.

Màámi ò wò mí lójú. "Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. N ò fẹ́ sọ fún yín. Mo ní kẹ́ ẹ fúnra yín rí i, kẹ́ ẹ rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn."

Tove jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Kò pariwo. "Mo mọ̀ pé èmi ò ní sí níbẹ̀," ló wí. "Mo ti gbà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gba iṣẹ́. Ìdí tí mo ṣe fi í sílẹ̀ fún ọ ni pé kí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì rí i."

Bó bá ṣe pé ó gbá mi létí ni, ì bá sàn.

Lọ́jọ́ kejì mo pe ọ́fíìsì tó ń sanwó ìsinmi ọmọ, mo ní kí wọ́n yọ ọjọ́ mẹ́sàn-án kúrò nínú èyí tí mo ti kọ sílẹ̀ pé mo fi tọ́jú ọmọ. Obìnrin tó gbé fóònù béèrè ohun tí mo ń ṣe lọ́jọ́ mẹ́sàn-án náà.

"Mo wà nínú igbó àgbọ̀nrín."

"Àwọn ọjọ́ náà á padà sórúkọ yín," ló wí. "Ẹ lè lò wọ́n nígbà mìíràn." Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. "Ṣé ẹ tiẹ̀ rí i pa?"

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, Sátidé àti Àìkú di ti Tove létí adágún. Sture ló ń wá gbé e lówùúrọ̀, á sì fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n lè mọ̀ pé wọ́n ń lọ. Birger fi aṣọ ìdáná kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní gbogbo ẹgbẹ́ ló dáwó ẹ̀. Mò ń lò ó, ó bá mi mu gan-an.

Tove ò bi mí ní ibi tí mo wà mọ́, kò sì fẹ́ fọ́tò mọ́. Màámi ló ń bi. Lójoojúmọ́ iṣẹ́, ní aago méjìlá, bí Tove bá ti pa bọ́ọ̀sì láti jẹun, á pe màámi. "Ṣé Signe wà lọ́dọ̀ yín?" Màámi á ní, "Kò sí níbí." "Ó dáa, ẹ ṣé." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màámi á wá pè mí: "Tíṣà ti ka orúkọ, o wà ní kíláàsì."

Mo ń rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ ó ń dùn mí dé egungun. N ò lè bínú, torí èmi ni mo fà á. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ń wò ó bóyá kẹ́ ẹ fi ọjọ́ ìsinmi ọmọ bọ́ sínú igbó, tàbí kẹ́ ẹ fi kan òrùlé, ẹ bi mí kí n sọ fún yín. Èèyàn lè rí ọjọ́ gbà padà lọ́fíìsì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí Signe kọ́kọ́ rìn ò sí lára ohun tí wọ́n lè dá padà fún mi.

Oṣù Kẹwàá kọjá. Mo wá mọ igbe ebi yàtọ̀ sí igbe oorun. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ kárọ́ọ̀tì àfi bí mo bá kọ́kọ́ díbọ́n pé tèmi ni. Tove ń gbọ́ ìròyìn wọ̀nyí nídìí tábìlì, ó ń mi orí, àmọ́ ní aago méjìlá ọjọ́ kejì, fóònù màámi á dún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù Kọkànlá. Yìnyín ti bo ọ̀nà. Signe ń sun oorun ọ̀sán, mo ń ká aṣọ rẹ̀ sórí àga gígùn. Aago kan ti fẹ́ẹ̀ lù nígbà tí fóònù mi dún.

"Pontus," ni màámi wí. "Kí ló ṣe Tove?"

"Kí lẹ gbọ́?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan, ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Láti aago méjìlá ni mo ti jókòó ti fóònù. Kò pè mí lónìí. Ọ̀nà ń yọ̀, bọ́ọ̀sì yẹn sì wúwo."

Mo sáré pe Tove. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, oúnjẹ kún un lẹ́nu.

"Kí ló dé? Ṣé kò sí?"

"Àlàáfíà ni. Màámi ló ń dààmú. Wọ́n ní o ò pe àwọn lónìí."

 Mo gbọ́ bó ṣe gbé oúnjẹ ẹnu ẹ̀ mì.

"Áà," ló wí. "Mo gbàgbé."

Ó gbàgbé láti yẹ̀ mí wò. Mo jókòó sórí gbogbo aṣọ tí mo ti ká, mo ń sunkún, Tove sì ń béèrè lórí fóònù pé kí la jẹ lọ́sàn-án.